Bí A Ṣe Ń Múra Fọ́tò Sílẹ̀ fún Ìwé Ìròyìn: Ìtọ́sọ́nà fún Ayàwòrán Ẹ̀pẹ́

Fọ́tò tó dùn ún wò lórí fóònù lè dójú ti ẹni tó yà á bó bá dé inú ìwé ìròyìn. Ojú á dúdú mọ́ fìlà, ẹyinjú á sọnù, ọnà ara léèsì á parẹ́, aṣọ òkè olówó iyebíye á di àbàwọ́n kan ṣoṣo. Àwọn kan á ní kámẹ́rà ni, àwọn kan á ní àwọn atẹ̀wé ni kò mọṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn. A kò múra fọ́tò náà fún irú bébà tó ń lọ bá ni.

Ẹ̀yin ayàwòrán Ẹ̀pẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń ya òde ìnáwó ní Sátidé, tí ẹ ń ya ọdún Káyókáyó, tí ẹ ń ya àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo, tí olóòtú sì máa ń pè láti Èkó pé kí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń bá ẹbí ṣètò ìkéde ìsìnkú náà á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ojú ènìyàn. Bí ojú bá yọ dáadáa lórí bébà, olùkàwé á forí ji sánmà tó ṣì àti aṣọ tó ṣá. Bí ojú bá sọnù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wò mọ́.

Ohun tí bébà yẹn ń ṣe sí fọ́tò yín

Bébà ìwé ìròyìn fẹ́lẹ́ gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀ jù wúwo tó gíráàmù 45 sí 49 péré ní mítà kan níbùú lóròó. Kò dán, kò sì funfun tán, àwọ̀ eérú díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó sì ń mu yíǹkì bí gàrí ṣe ń mu omi.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò mọ dúdú díẹ̀ tàbí dúdú púpọ̀. Yálà kí ó fi yíǹkì síbẹ̀ tàbí kí ó má fi sí i. Nítorí náà, wọ́n máa ń fọ́ fọ́tò sí àmì tóótòòtó. Níbi tó ṣókùnkùn, àmì yẹn tóbi. Níbi tó mọ́lẹ̀, ó kéré. Ẹ fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wo fọ́tò inú ìwé ìròyìn èyíkéyìí, ẹ ó rí wọn. Ìwé ìròyìn máa ń to àmì wọ̀nyí ní ìlà 85 sí 100 nínú ìǹṣì kan, nígbà tí magasínì olójú dídán ń to bíi 150. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò inú magasínì fi ń mú ju ti ìwé ìròyìn lọ, kódà bó bá jẹ́ fáìlì kan náà.

Bí yíǹkì bá wá bọ́ sórí bébà, àmì kọ̀ọ̀kan á tàn ká, á sì tóbi ju bí a ṣe fẹ́ lọ. ISO 12647-3, ìlànà àgbáyé fún títẹ ìwé ìròyìn, ka ìtànkálẹ̀ yìí sí 26 nínú ọgọ́rùn-ún ní agbede-méjì. Ibi tó bá jẹ́ 50 nínú fáìlì á dé ojú bébà bíi 76. Ó ti kọjá agbede-méjì, ó ti ń lọ sínú òkùnkùn.

Ẹ wá wo ibi tí àwọ̀ ara wa wà. Àárín yẹn gan-an ni, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ojú òyìnbó wà lápá ibi tó mọ́lẹ̀, níbi tí ìtànkálẹ̀ yíǹkì kò ti fi bẹ́ẹ̀ pani lára. Tiwa ló ń bọ́ sínú òkùnkùn. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò fi tó: ojú ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ẹ má tíì ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ pe olóòtú tàbí ẹni tó ń to ojú ìwé, ẹ sì bi í bíi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò yẹn, ṣé ojú ìwé aláwọ̀ ló ń lọ àbí dúdú-àti-funfun? Òpó mélòó ló máa gbà? Ṣé kí n yí i sí CMYK, àbí ẹ̀yin lẹ máa yí i? Aago mélòó lẹ ń ti ojú ìwé?" CMYK ni ètò yíǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, a máa dé orí rẹ̀. Ìbéèrè wọ̀nyí kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá béèrè wọn, olóòtú á mọ̀ pé ó mọ ohun tó ń ṣe, á sì tún pè é lọ́jọ́ mìíràn.

Bí wọ́n bá ní "òpó mẹ́ta," ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀dà kan lára ìwé ìròyìn náà, ẹ fi rúlà wọn òpó mẹ́ta rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Òpó ìwé ìròyìn kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn.

Níbi tí ẹ ti ń yà á

Ìdajì iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ ti parí tàbí ti bàjẹ́ kí ẹ tó kúrò lójú agbo. Ẹ jẹ́ kí n mú àyè mẹ́ta tí a mọ̀ dáadáa ní Ẹ̀pẹ́.

Àkọ́kọ́ ni oòrùn ọ̀sán létí ọ̀sà. Oòrùn wà lókè orí, fìlà abetí-ajá tàbí gèlè ńlá ta òjìji bo iwájú orí títí dé imú, omi ọ̀sà sì ń kọ mànà lẹ́yìn. Kámẹ́rà rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn, ó pa ti ojú. Ẹ tan fíláàṣì ní ọ̀sán gangan, kí ó kàn fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí abẹ́ fìlà. Àwọn èèyàn á máa wò yín pé kí lẹ ń tan iná sí lọ́sàn-án. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bí kò bá sí fíláàṣì, ẹ yí àwọn tí ẹ fẹ́ yà padà kí omi má ṣe wà lẹ́yìn wọn, tàbí kí ẹ mú wọn lọ sábẹ́ òjìji kan tó bo gbogbo ara wọn.

Èkejì ni ọjà Olúwo. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja wà lábẹ́ agboòrùn, agboòrùn pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Oòrùn gba inú agboòrùn wọlé, ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ kun ojú ìyá náà. Ojú wa lásán kì í tètè rí i, kámẹ́rà ń rí i, bébà ìwé ìròyìn sì ń sọ ọ́ di àrùn: lábẹ́ agboòrùn búlúù, ojú dúdú á dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí kámẹ́rà yín bá lè ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ tún ṣe, ẹ lò ó níbẹ̀, nítorí á rọrùn láti tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Bí fóònù ni, ẹ ní kí ìyá bọ́ síwájú díẹ̀, sí etí agboòrùn. Ẹja tútù náà ń kọ mànà nítorí omi ara rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Irú ìmọ́lẹ̀ ṣókí bẹ́ẹ̀ lè funfun báláú lórí bébà, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ẹ̀kẹta ni òru, ní òde ìnáwó. Iná aláwọ̀ orí ìtàgé ń yí, kámẹ́rà ti gbé ISO (agbára tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀) sókè, fọ́tò ti kún fún eruku kéékèèké. Fún ìwé ìròyìn, ẹ ya díẹ̀ nínú wọn pẹ̀lú fíláàṣì funfun, láìka iná DJ sí. Fọ́tò tí ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ààlùkò lójú kan, tó jẹ́ àwọ̀ ewé lójú kejì, lè dára fún Instagram. Olóòtú kò ní fi í ṣe nǹkan kan.

Níbi gbogbo, ẹ ṣètò kámẹ́rà tàbí fóònù sí fáìlì tó tóbi jù lọ, kí ẹ sì ya ibi tó fẹ̀ díẹ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ẹni tó ń to ojú ìwé á gé e, ẹ fi àyè gígé sílẹ̀ fún un.

Ìṣirò píksẹ́lì

Píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò nínú fáìlì. Òdiwọ̀n tó tó fún ìwé ìròyìn ni píksẹ́lì 200 nínú ìǹṣì kan, ní ìwọ̀n tí fọ́tò máa fara hàn lórí bébà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pariwo 300. Magasínì ni 300 wà fún. Lórí bébà ìwé ìròyìn, èyí tó lé sí 200 kò fi nǹkan kún un, ó kàn ń jẹ dátà yín ni.

Ìṣirò náà kò le. Ẹ fi 2.54 pín sẹ̀ǹtímítà kí ó lè di ìǹṣì, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 200. Bí òpó mẹ́ta bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, ìǹṣì 5.9 ni, píksẹ́lì 1,181 ni ẹ nílò níbùú. Ẹ pè é ní 1,200. Bí ó bá jẹ́ ojú ìwé iwájú, sẹ̀ǹtímítà 25, á tó 1,970. Kámẹ́rà tàbí fóònù tó ń ya 4,000 níbùú ti ju gbogbo ìyẹn lọ.

Kí wá ló ń fa wàhálà? Gígé ni, àti WhatsApp. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń fi ránṣẹ́ lásán, ó máa ń dín in kù sí bíi píksẹ́lì 1,600 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù. Lójú ìṣirò, 1,600 tó fún òpó mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí á ní èèyàn 8 ló tò sínú fọ́tò yẹn, tí olóòtú fẹ́ gé olóyè kan ṣoṣo jáde. Ẹni kan kò ju 200 píksẹ́lì lọ níbùú mọ́. Ìǹṣì kan péré nìyẹn, sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, kò kún òpó kan. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ ní tipátipá, ojú á fọ́ yángá. WhatsApp sì tún ti fún fáìlì náà pọ̀, ó ti fi àpá onígun mẹ́rin sí ara sánmà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nínú Photoshop, sọ́fítíwíà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ lọ sí Image Size, ẹ yọ àmì kúrò lára Resample, kí ẹ kọ 200 sí Resolution. Ẹ ó rí bí fọ́tò náà ṣe lè tóbi tó lórí bébà ní òtítọ́. Bí nọ́ńbà tó jáde bá kéré ju ohun tí wọ́n béèrè lọ, ẹ sọ fún olóòtú kí ó dín àyè náà kù. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè dá ojú tí kámẹ́rà kò yà padà.

Ṣíṣí ojú sílẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà kọ́kọ́, kí ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà yín kù sí agbede-méjì, kí ẹ má sì jókòó síta nínú oòrùn ṣe é. Kọ̀ǹpútà tí iná rẹ̀ ga jù á tàn yín jẹ pé fọ́tò ti mọ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé iná kọ̀ǹpútà ni ẹ ń wò.

Ẹ ṣí Levels, irinṣẹ́ tó ń ṣètò ibi tó funfun jù àti ibi tó dúdú jù. Ẹ wá ibi tó funfun jù tó ṣì ní ọnà lára, bóyá léèsì tàbí agbádá. Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ funfun, ṣùgbọ́n kó má di funfun pátápátá. Bí ẹ bá dé CMYK, àmì yíǹkì ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bébà lásán ló máa hàn, ọnà léèsì á sì lọ. Mànà orí omi àti ti ara ẹja nìkan ni kò nílò àmì kankan.

Lẹ́yìn náà, Curves, ìlà tí a fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi èkúté tẹ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ nínú Info. Ojú ẹni tó dúdú dáadáa sábà máa ń wà láàárín 80 sí 110 nínú 255. Ẹ fa ìlà náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé bíi 130. Ó máa dà bí ẹni pé ó ti mọ́lẹ̀ jù lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yín á sì fẹ́ dá a padà. Ẹ má dá a padà. Bí ó bá ṣe ohun tó wù yín lójú kọ̀ǹpútà tán, ó ti dúdú jù fún bébà nìyẹn.

Bí gbogbo fọ́tò bá dára tó jẹ́ pé ojú abẹ́ fìlà nìkan ló ṣókùnkùn, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Ẹ ṣe Curves náà sí layer (ìpele) tirẹ̀, ẹ fi dúdú bo mask rẹ̀, ìbòjú tó ń pinnu ibi tí àtúnṣe ti máa hàn, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tó rọ̀ létí kun ojú nìkan. Ẹ dín agbára búrọ́ọ̀ṣì kù sí 20 tàbí 30, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá kùn ún ní agbára kíkún, òrùka ìmọ́lẹ̀ á yí orí bàbá ká, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹyinjú pẹ̀lú, díẹ̀ ṣá. Ìmọ́lẹ̀ kékeré inú ojú yẹn ló ń fi hàn pé ẹni náà ń wo olùkàwé.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi Snapseed ṣe é lórí fóònù: irinṣẹ́ Selective rẹ̀ máa ń jẹ́ kí a fọwọ́ tẹ ojú kan, kí a gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan sókè. Ẹ lọ sí ìṣètò rẹ̀, kí ẹ yan dídára JPEG tó ga jù kí ẹ tó fi pamọ́.

Ìkunra kan wà tí mo kórìíra: kí ayàwòrán máa bó èèyàn lójú fọ́tò. Ṣíṣí òjìji kúrò lójú yàtọ̀ sí kí á sọ dúdú di pupa. Ẹni tó dúdú gbọ́dọ̀ ṣì dúdú lórí bébà, kí a kàn rí imú, ètè àti ìlà ojú rẹ̀ ni.

Bó bá jẹ́ ojú ìwé aláwọ̀

Yíǹkì mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ: cyan, magenta, yellow àti black, CMYK ní ìkékúrú. Fọ́tò yín wà ní RGB, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ń lò, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ yí i. Bí olóòtú bá ní àwọn ló máa yí i, ẹ fi RGB ránṣẹ́, ó parí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yí i, ẹ béèrè profáìlì tí ilé ìtẹ̀wé wọn ń lò, ìyẹn fáìlì tó ń ṣàlàyé bí àwọ̀ ṣe ń rí lórí bébà àti yíǹkì wọn. Bí wọn kò bá ní, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé mọ̀ ni ISOnewspaper26v4. WAN-IFRAnewspaper26v5 ló tẹ̀ lé e.

Nínú Photoshop, ẹ lọ sí Edit, Convert to Profile. Assign Profile kọ́ o. Ìyẹn kò yí nọ́ńbà kankan padà, ó kàn ń pa orúkọ mìíràn dà ni. Ẹ yan profáìlì náà, ẹ fi àmì sí Black Point Compensation. Profáìlì ìwé ìròyìn ti ṣírò ìtànkálẹ̀ yíǹkì, nítorí náà ẹ má tún fọwọ́ gbé gbogbo fọ́tò sókè lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí i.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn kàn tẹ Image, Mode, CMYK láì wo nǹkan kan. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, U.S. Web Coated (SWOP) v2 ni ìyẹn máa lò, bébà dídán ló sì wà fún. Ó gba kí àpapọ̀ yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú kan dé 300 nínú ọgọ́rùn-ún. Bébà ìwé ìròyìn kò gbà ju 220 sí 240 lọ. Bó bá lé, yíǹkì kò ní tètè gbẹ, á máa kun ojú ìwé kejì, á sì máa kun ọwọ́ olùkàwé. Nínú Info, ẹ yan Total Ink, kí ẹ gbé èkúté lọ sí ibi tó dúdú jù, abẹ́ fìlà tàbí irun, kí ẹ kà á.

Lójú ènìyàn dúdú, yellow àti magenta gbọ́dọ̀ sún mọ́ra wọn, kí yellow ju magenta lọ díẹ̀, kí cyan sì kéré sí wọn. Bí cyan bá ti ń lé wọn bá níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á ní àwọ̀ eérú. Wàhálà agboòrùn búlúù nìyẹn tún dé.

Ẹ ti rí fọ́tò ìwé ìròyìn tí òjìji pupa tàbí búlúù yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ rí? Àwo yíǹkì mẹ́rin kò bá ara wọn mu ni. Iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹ lè mọ̀ pé ojú kékeré olópòó kan ni ó máa ń bàjẹ́ jù, nítorí náà ó sàn kí irú rẹ̀ jẹ́ dúdú-àti-funfun.

Bó bá jẹ́ dúdú-àti-funfun

Ẹ má ṣe tẹ Desaturate. Aṣọ ẹbí pupa àti ti àwọ̀ ewé, tí ọmọdé pàápàá mọ̀ yàtọ̀, lè di eérú kan náà. Ẹbí ìyàwó àti ẹbí ọkọ á papọ̀ di ẹyọ kan.

Ẹ lo Black & White nínú Adjustments. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọ̀ ara wa jẹ́ àdàpọ̀ pupa àti yẹ́lò, nítorí náà bí ẹ bá gbé Reds àti Yellows sókè, ojú gbogbo àwọn tó wà nínú fọ́tò á là lẹ́ẹ̀kan náà, búlúù sánmà kò sì ní yí padà. Kò sí ohun tó rọrùn tó báyìí fún fọ́tò àwọ̀ ara wa. Ẹ ṣọ́ gèlè pupa ṣá, ó máa tẹ̀ lé ojú lọ sókè. Bí ó bá funfun jù, ẹ fi mask pa á mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi Convert to Profile yí i sí Gray, kí ẹ yan Dot Gain 25% tàbí 30%. Lẹ́yìn tó bá ti yí, mo máa ń fẹ́ kí yíǹkì ibi tí ìmọ́lẹ̀ kan lójú wà láàárín 35 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ̀gbẹ́ tó wà lójìji má lé 70, kí ibi tó dúdú jù nínú gbogbo fọ́tò má kọjá 90.

Pípọ́n

Títẹ̀ máa ń sọ fọ́tò di bọ̀rọ̀gìdì díẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ pọ́n ọn ju ti fóònù lọ. Ìgbẹ̀yìn ni à ń ṣe é, lẹ́yìn tí fọ́tò bá ti wà ní ìwọ̀n tó máa fi fara hàn. Unsharp Mask: Amount 150 sí 200, Radius bíi 1, Threshold 3 tàbí 4. Ó máa le lójú kọ̀ǹpútà. Bébà á rọ̀ ọ́. Fọ́tò òru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba Reduce Noise, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eruku ni ẹ ó máa pọ́n.

Fọ́tò àtijọ́ fún ìkéde ìsìnkú

Ẹbí á gbé fọ́tò ìyá wọn wá, tí wọ́n yà nígbà tí ìyá ṣì wà lọ́mọge, kékeré, ó ti ṣá. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú dígí. Bí síkánà bá wà, ẹ ṣírò iye ìlọ́po: bí fọ́tò bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4, tí wọ́n sì fẹ́ kó di 12 lórí bébà, ìlọ́po mẹ́ta ni, nítorí náà 200 lọ́nà mẹ́ta, ẹ síkánì rẹ̀ ní 600. Bí kò bá sí síkánà, ẹ gbé e sílẹ̀ nítòsí fèrèsé níbi tí oòrùn kò kàn án, ẹ dúró gangan lórí rẹ̀, kí ẹ má tan fíláàṣì.

Bí fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ètò ìsìnkú bàbá, àmì tóótòòtó ti wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, àmì àtijọ́ àti tuntun á kọlu ara wọn, á sì yọ ìlà gbùngùngbùngùn sí ojú ìyá náà. Ẹ yan Descreen lórí síkánà. Bí kò bá ní i, ẹ síkánì rẹ̀ ní 600, ẹ fi Gaussian Blur rọ̀ ọ́ díẹ̀ títí àmì á fi pòórá, kí ẹ dín in kù sí 200, kí ẹ wá pọ́n ọn.

Àwọn áàpù tó ń "tún fọ́tò àtijọ́ ṣe" fúnra wọn ti pọ̀ báyìí. Mi ò gbà wọ́n láyè nínú ìkéde ìsìnkú. Ojú tí kò hàn kedere, ńṣe ni wọ́n ń dá òmíràn sí i. Àbúrò olóògbé á wo ìwé ìròyìn, á ní "ta nìyí?"

Ohun tí a kì í ṣe sí fọ́tò ìròyìn

Ìpolówó yàtọ̀, ìròyìn yàtọ̀. Nínú fọ́tò ìròyìn, ẹ lè gé etí rẹ̀, ẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ẹ lè tún àwọ̀ ṣe. Ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ ènìyàn kúrò tàbí fi kún un, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ́ kan tó kàn kọjá lẹ́yìn ọba. Ní 2006, Reuters yọ gbogbo fọ́tò ayàwòrán kan kúrò nínú àkójọ wọn, nítorí wọ́n rí i pé ó ti fi èéfín kún fọ́tò ogun Beirut.

Orúkọ, àlàyé àti fífi ránṣẹ́

Ẹ yọ lógò ńlá yín kúrò lórí fọ́tò, kò sí olóòtú tó máa tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ ni kí ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ owó àti orúkọ yín tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fọ́tò.

Ẹ fún fáìlì ní orúkọ tó yé èèyàn, bíi Epe_Kayokayo_oba_01, kó má jẹ́ IMG_4471. Nínú File Info, ẹ kọ àlàyé: ta ni, ibo ni, ọjọ́ wo, láti apá òsì sí ọ̀tún. Oyè kò gbọ́dọ̀ ṣì. Ẹ fẹnu ara yín béèrè lọ́wọ́ olóyè fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi ìlà kan kún un fún olùkàwé tí kì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́: fún àpẹẹrẹ, pé Káyókáyó ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Olóòtú tó ń sáré á fi ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀ bó ṣe wà.

Bí ẹ bá fi àmì ohùn kọ orúkọ, ẹ tún ya ojú ìwé náà bí àwòrán, kí ẹ so ó mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà tó ń to ojú ìwé lè sọ ẹ àti ọ di àpótí.

JPEG dídára 10 sí 12 nínú Photoshop, níbi tí 12 ti jẹ́ èyí tó ga jù, tó fún ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn. TIFF ni bí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Lórí WhatsApp, ẹ yan Document, ẹ má yan Gallery, kí fáìlì má bàa dín kù, kí àlàyé inú rẹ̀ má sì parẹ́. Gmail gba megabáìtì 25. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e sí Google Drive, kí ẹ rí i pé ẹnikẹ́ni tó ní líǹkì lè ṣí i. Olóòtú tó bá ní láti tọrọ àyè kí ó tó rí fọ́tò á lo ti ẹlòmíràn.

Bí ìwé ìròyìn bá jáde, ẹ ra ẹ̀dà kan. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ ṣí fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, léèsì àti abẹ́ fìlà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹ fi sí 45 bá ṣì dúdú jù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé yẹn pé 38 ni kí ẹ lò nígbà mìíràn. Ẹ ní ìwé kékeré kan fún èyí, ojú ewé kan fún ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan.